Ta ló ni owó àwọn Quaker? Àlàyé lórí owó àánú ìjọ tí kì í gba ìdámẹ́wàá

Ìròyìn méjì ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. Ní ọdún 2022, àwọn Quaker ilẹ̀ Britain ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn yóò ṣe àtúnṣe tó ṣeé fojú rí, nítorí ọwọ́ tí àwọn tó ṣáájú wọn ní nínú òwò ẹrú àti ìjọba amúnisìn. Ní Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọ Quaker kan ní àdúgbò Germantown, tí ń jẹ́ Green Street, ní tirẹ̀ sọ pé òun yóò ná 500,000 dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá fún àwọn aláwọ̀ dúdú àdúgbò náà. Bí ìròyìn wọ̀nyí ṣe ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ni ìbéèrè ń gun ara wọn lórí. Ìjọ wo ni kò ní pásítọ̀, tí kì í gba ìdámẹ́wàá, tó wá rí irú owó báyìí yọ sílẹ̀? Ta ló ń buwọ́ lu ìwé báńkì? Ṣé owó Quaker Oats ni? Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ bèèrè púpọ̀, ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

Lójú tèmi, ìbéèrè "ta ló ni ín" yẹn gan-an ló ń ṣi wá lọ́nà. Kò sí alààyè kankan tó ni owó yìí. Wọ́n rán owó náà níṣẹ́ ni, àwọn ènìyàn sì ń mójú tó o kó lè jíṣẹ́ náà. Tí a bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í yé wa.

Ta ni wọ́n ń pè ní Quaker?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ agolo kúrò lọ́nà. Quaker Oats tí ọ̀pọ̀ wa fi mílíìkì àti ṣúgà mu dàgbà kò tan mọ́ ìjọ náà rárá. Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ló mú orúkọ yẹn ní 1877, nítorí pé àwọn Quaker lórúkọ rere nídìí ọjà, aráyé mọ̀ wọ́n sí ẹni tí kì í rẹ́ni jẹ. Láti 2001, PepsiCo ló ni ín. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú owó rẹ̀ tó ń wọ àpò ìjọ Quaker.

Ìjọ Kristẹni ni Quaker. Ilẹ̀ England ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, George Fox sì ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọ̀rẹ́, ìyẹn Friends, ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní Britain, ìjọsìn wọn kò ní orin, kò ní ìwàásù, kò sì ní pẹpẹ. Wọn á jókòó yíká ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹni tí ẹ̀mí bá sì gbé dìde á dìde, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á padà jókòó. Ní Kenya, níbi tí Quaker pọ̀ sí jù lọ láyé, àti ní apá kan Amẹ́ríkà, wọ́n ní pásítọ̀, wọ́n sì ń kọrin dáadáa. Àwọn ti Britain àti ti agbègbè Philadelphia ni mò ń sọ níbí.

Ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá ní ìtàn tirẹ̀. Láyé ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òfin England ló fi dandan lé e pé kí gbogbo ènìyàn san ìdámẹ́wàá fún ìjọ tí ìjọba ń ṣe. Àwọn Quaker kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n kó màlúù wọn, wọ́n kó ọkà wọn àti ìkòkò ìdáná wọn, wọ́n sì ju ọ̀pọ̀ wọn sẹ́wọ̀n. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ ẹni tí ìyà jẹ, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, iye tó tó. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1670 láti máa kó àkọsílẹ̀ ìjìyà wọ̀nyẹn jọ ṣèpàdé fún ohun tó lé ní ọ̀rúndún mẹ́ta, orúkọ ìjìyà yẹn ló sì ń jẹ́. Ìjọ tó ti fi ìrora kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí sì hàn nínú bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó.

Kí ni owó tí a rán níṣẹ́?

Àwọn agbẹjọ́rò ń pè é ní trust. Ẹni mẹ́ta ló máa ń wà nídìí rẹ̀: ẹni tó fi owó tàbí ilé sílẹ̀, tó sì sọ ohun tí kí wọ́n fi ṣe, àwọn alámòójútó, tí ohun ìní náà wà níkàáwọ́ wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò gbọdọ̀ fi gbọ́ bùkátà ara wọn, àti àwọn tí ire rẹ̀ wà fún.

Ẹni tó bá mọ bí oko kòkó ẹbí ṣe ń rí á tètè lóye rẹ̀. Bàbá bàbá gbin kòkó, ó ní owó rẹ̀ ni kí wọ́n máa fi rán ọmọ ilé lọ sílé ìwé. Olórí ẹbí ló ń bá alágbàro sọ̀rọ̀, òun ló ń ta èso, òun ló ń gba owó, síbẹ̀ oko kì í ṣe tirẹ̀. Kò lè gé igi tà kó fi kọ́lé. Kò lè fi owó ilé ìwé ṣòkú àna. Bí wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí, dandan ni kó ro iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ọjọ́ tó bá sì kú, oko kò bá a wọ sàréè, ẹlòmíràn á bọ́ sí ipò rẹ̀.

Ohun tí òfin England fi kún irú ètò yìí ni pé wọ́n fi ẹni tí ń ṣọ́ alámòójútó lélẹ̀. Láti ọdún 1601, láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ni òfin ti wà lórí owó tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún àánú. Lónìí, àjọ ìjọba tí ń jẹ́ Charity Commission ló ń mójú tó o ní England àti Wales. Àánú nínú òfin wọn gbòòrò ju kí a fún alágbe lówó lọ: ríran tálákà lọ́wọ́, ẹ̀kọ́, ẹ̀sìn, ìlera àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tó bá ṣe ará ìlú láǹfààní. Ohun kan tí òfin kò gbà láyè ni kí wọ́n dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí òṣèlú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òṣèlú yìí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Níbo ni owó ti ń wá?

Ọmọ ìjọ ń dá owó, ẹnì kọ̀ọ̀kan bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ẹni tó kú lè fi nǹkan sílẹ̀ fún ìjọ nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Ilé ìpàdé wọn ń mówó wọlé pẹ̀lú, nítorí wọ́n ń fi yàrá háyà fún ẹgbẹ́, fún ìpàdé àti fún ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ti jáde ní ibùdókọ̀ rélùwéè Euston ní Lọ́ńdọ̀nù á ti rí ilé ńlá kan tó wà lódìkejì ọ̀nà. Friends House nìyẹn, olú ilé Quaker ní Britain. Ẹnikẹ́ni lè wọlé ra kọfí níbẹ̀, ẹgbẹ́ èyíkéyìí sì lè háyà gbọ̀ngàn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún òwò yẹn ló ń ṣe é, èrè rẹ̀ sì ń padà sínú iṣẹ́ ìjọ.

Ìdókòòwò ni orísun tó kù, ibẹ̀ sì ni ìtàn ti gùn. Fún ìgbà pípẹ́, yunifásítì Oxford àti Cambridge kò gba ẹni tí kò bá sí nínú ìjọ ìjọba láti gboyè. Àwọn Quaker kì í búra, nítorí náà ọ̀pọ̀ ipò nínú ìjọba kò ṣí sílẹ̀ fún wọn. Òwò ni wọ́n dojú kọ. Fry ní Bristol, Cadbury ní Birmingham, Rowntree ní York: ìdílé Quaker ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣokoléètì ni wọ́n sì fi là. Báńkì Barclays àti Lloyds náà ní gbòǹgbò lọ́dọ̀ Quaker.

Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ ti pọ̀ jù. Owó ìjọ yàtọ̀, owó tí ìdílé Quaker olówó fi sílẹ̀ yàtọ̀. Ìjọ ní owó tirẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Barrow Cadbury Trust, tí tọkọtaya kan nínú ìdílé Cadbury dá sílẹ̀ ní 1920, ní àpò tirẹ̀, alámòójútó tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀. Ìpàdé ìjọ kò lè pàṣẹ fún un. Kò sí àpò ńlá kan níbì kan tí gbogbo owó Quaker wà.

Ta ló ń buwọ́ lùwé?

Àwọn ìjọ àdúgbò tó wà nítòsí ara wọn ló para pọ̀ di ohun tí a lè pè ní ìpàdé agbègbè. Ìpàdé agbègbè yìí ni òfin sábà máa ń mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú, òun ló sì ń yan alámòójútó láàárín àwọn ọmọ ìjọ. Wọn á yàn wọ́n fún sáà kan, ọdún mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn náà wọn á wá ẹlòmíràn. Kò sí owó oṣù fún un. Owó ọkọ̀ tí ẹ bá fi wá sí ìpàdé ni ẹ lè gbà padà. Tí ọ̀rọ̀ tó bá délẹ̀ bá kan ilé iṣẹ́ ọmọ yín tàbí ilé tí ẹ̀ ń gbé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sọ ọ́, ẹ ó sì yẹra.

Bí wọ́n ṣe ń dórí ìpinnu ni mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò dáadáa, nítorí kò jọ ohun tí a mọ̀. Ká ní òrùlé ilé ìpàdé ń jò, owó sì wà tó lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn kan rò pé àwọn tó sá wá láti ibi ogun, tí wọ́n wà ní ìlú náà, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Akọ̀wé ìpàdé á jókòó sídìí tábìlì, ìwé á wà níwájú rẹ̀. Akápò á dìde, á sọ iye tó wà àti iye tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Gbogbo ilé á dákẹ́. Ẹnì kan á dìde, á sọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á jókòó. Wọn á tún dákẹ́. Kò sí àtẹ́wọ́, kò sí pé ẹnì kan ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu. Tó bá pẹ́ díẹ̀, akọ̀wé á kọ ohun tó rò pé ìpàdé ti gbà sílẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, á kà á sókè. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ kan kò bá a lára mu, wọn á tún un kọ. Bí wọ́n bá gbà á, wọn á fèsì pé "a retí bẹ́ẹ̀", bó ṣe jẹ́ àṣà wọn. Wọn kì í dìbò rárá. Bí wọn kò bá fẹnu kò, ọ̀rọ̀ náà á dúró di ìpàdé mìíràn, òrùlé á sì máa jò.

Ó lọ́ra, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá parí, àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, gbogbo ẹni tó wà níjókòó ló gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń kà á, kò sì sí ẹni tó máa sọ lọ́la pé òun kò mọ̀ sí i.

Àwọn alámòójútó ni yóò wá mú un ṣẹ, àwọn ni òfin sì dì mú. Tí ìpàdé bá gbà láti ṣe ohun tí òfin kò gbà, alámòójútó gbọ́dọ̀ kọ̀, nítorí tí wọ́n bá ná owó àánú sí ibi tí kò yẹ, wọ́n lè ní kí wọ́n san án padà láti inú àpò ara wọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi ìṣirò owó ránṣẹ́ sí Charity Commission, ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì sì lè wo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde níbẹ̀. Ilé àti ilẹ̀ ní ètò tiwọn: ọ̀pọ̀ ìpàdé agbègbè ló fi ìwé ilé sí orúkọ ilé iṣẹ́ kan tí ìjọ dá sílẹ̀, Friends Trusts Limited, kí wọ́n má bàa máa pààrọ̀ orúkọ lórí ìwé ilé ní gbogbo ìgbà tí alámòójútó kan bá kú tàbí tó kó kúrò ní ìlú. Orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn ló wà lórí ìwé, àmọ́ ìpàdé agbègbè ló ń pinnu ohun tí wọn yóò fi ilé ṣe.

Ṣé wọ́n lè ná owó náà bó ṣe wù wọ́n?

Ó dá lórí irú owó tó jẹ́. Owó tí ọmọ ìjọ dá láìsọ ohunkóhun, wọ́n lè ná an sí ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ ìjọ. Owó tí àwọn alámòójútó fúnra wọn yà sọ́tọ̀, bí owó òrùlé, àwọn náà lè dá a padà tí òrùlé kò bá jò mọ́. Ṣùgbọ́n owó tí olùfúnni ti dè, ìyẹn èyí tó sọ pé fún ẹ̀kọ́ ọmọ ni tàbí fún àwọn arúgbó ìlú kan, kò sí ìpàdé tó lè tú u. Owó ìpìlẹ̀ ló le jù nínú wọn: èrè rẹ̀ nìkan ni nínà, ojú owó gbọ́dọ̀ wà.

Nítorí náà, ìjọ kan lè ní owó tó pọ̀ lórí ìwé, kó má sì rí owó san iná mànàmáná. Ẹni tó bá ka ìṣirò wọn gbọ́dọ̀ wo irú owó tó wà, kó tó sọ pé wọ́n lówó.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí iṣẹ́ tí wọ́n rán owó bá ti tán láyé? Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ Quaker fi owó sílẹ̀ pé kí wọ́n fi kọ́ ọmọ tálákà níṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́ ọ̀gá, èyí tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin kò ní kí owó náà jókòó títí ayérayé. Àwọn alámòójútó lè lọ bá àjọ ìjọba, kí wọ́n sì gba àṣẹ láti darí rẹ̀ sí ohun tó sún mọ́ ohun tí òkú ní lọ́kàn jù lọ, bóyá ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn náà sì lè sọ pé òun kò gbà. Anna T. Jeanes, obìnrin Quaker kan ní Philadelphia, fi mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀ ní 1907 fún ilé ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ìgbèríko gúúsù Amẹ́ríkà, Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ aláwọ̀ dúdú nílẹ̀ Amẹ́ríkà, sì wà lára àwọn tó bá a mójú tó o. Wọ́n gba ìyẹn tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí Jeanes kú lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n rí i pé ó ha ogún fún kọ́lẹ́ẹ̀jì Swarthmore tí àwọn Quaker dá sílẹ̀, àmọ́ pẹ̀lú àdéhùn kan: kí wọ́n jáwọ́ títí láé nínú eré ìdárayá tí wọ́n ń bá kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn figagbága. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà rò ó títí, wọ́n sì dá ogún padà.

Ọ̀kan wà nínú irú owó òkú báyìí tó dé ọ̀dọ̀ wa, mi ò sì fẹ́ fò ó dá. Richard Humphreys jẹ́ Quaker tí wọ́n bí ní erékùṣù Tortola, nínú ilé tí wọ́n ti ń lo ẹrú. Ó kó lọ sí Philadelphia, ó sì kú ní 1832. Ó fi 10,000 dọ́là sílẹ̀ pé kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ìran Áfíríkà ní ìwé, ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ní iṣẹ́ àgbẹ̀, kí wọ́n lè di olùkọ́. Àwọn alámòójútó Quaker fi bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní 1837. Òun ni wọ́n wá ń pè ní Institute for Colored Youth, òun ló sì di yunifásítì Cheyney lónìí. Lára àwọn tó ṣe olùkọ́ níbẹ̀ ni Robert Campbell, ọmọ Jamaica. Ní 1859, Campbell àti Martin Delany wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì bá Aláké àtàwọn ìjòyè tọwọ́ bọ ìwé pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀ dó sílẹ̀ Ẹ̀gbá. Lẹ́yìn náà Campbell kó wá sí Èkó pátápátá, ó sì dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Ọ̀kan lára àwọn ìwé ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ wa ti ọwọ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ tí ogún Humphreys dá sílẹ̀ wá.

Kí ló dé tí Joseph Rowntree fi dá mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Orúkọ Rowntree ni ẹ óò máa rí jù tí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ owó Quaker, ó sì ń da ènìyàn lójú rú nítorí pé ó ju ẹyọ kan lọ. Joseph Rowntree, oníṣokoléètì York, gbé nǹkan bí ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní 1904, ó sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ wà fún ilé gbígbé. Òun ló ń mójú tó abúlé New Earswick tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ fún òṣìṣẹ́ nítòsí York, òun náà ló sì di Joseph Rowntree Foundation. Èkejì ni Joseph Rowntree Charitable Trust, tó ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ti Quaker dòní. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú rárá. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí, tó ń san owó orí bí ilé iṣẹ́ yòókù, nítorí Rowntree mọ̀ pé àwọn ìyà kan wà tí òfin tuntun nìkan lè mú kúrò, òfin tuntun sì ń béèrè ìṣèlú. Níwọ̀n bí owó àánú kò ti gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ó dá èyí tó lè débẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbà pé kó máa san owó orí. Joseph Rowntree Reform Trust ni orúkọ rẹ̀ báyìí.

Ó kọ ìwé kan fún àwọn alámòójútó rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ó sọ níbẹ̀ pé ilé tí wọ́n ti ń fún tálákà ní ọbẹ̀ ní York kì í ṣàìrí owó, ṣùgbọ́n ìwádìí lórí ohun tó ń fa òṣì kì í rí olùrànlọ́wọ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ kí owó òun máa wá gbòǹgbò. Ọmọ rẹ̀, Seebohm, ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ káàkiri York, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1901.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé yẹn ni pé kò fẹ́ kí òkú máa jọba lórí alààyè. Ó ṣètò pé kí méjì nínú mẹ́ta náà lè parí lẹ́yìn ọdún 35, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tí ayé yóò nílò. Ọdún 35 pé, wọn kò pa wọ́n tì, méjèèjì ṣì wà. Nígbà tí Nestlé ra ilé iṣẹ́ ṣokoléètì náà ní 1988, ilé iṣẹ́ di ti ẹlòmíràn, àmọ́ àwọn owó tí a rán níṣẹ́ yìí ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ibo ni wọ́n ń fi owó ṣòwò sí?

Owó ìpìlẹ̀ kì í sùn. Wọ́n ń fi ra ìpín nínú ilé iṣẹ́, èrè rẹ̀ ni wọ́n sì ń ná. Níwọ̀n bí Quaker kì í ti í jagun, wọn kì í fi owó sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà. Ti sìgá, ọtí àti tẹ́tẹ́ náà kò sí níbẹ̀. Ní 2013, Quaker ilẹ̀ Britain pinnu láti kó owó ìjọ kúrò lára ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú, àwọn sì ni ìjọ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Britain. Ní Amẹ́ríkà, Friends Fiduciary ní Philadelphia, tó ti wà láti 1898, ló ń bá ọ̀pọ̀ ìjọ àti ilé ìwé Quaker kó owó wọn pọ̀ ṣe irú ìdókòòwò bẹ́ẹ̀, kí ìjọ kékeré má bàa dá gba oníṣòwò owó.

Owó kòkó ta ni?

Ìbéèrè yìí ló le jù, àwa tí a ti ilẹ̀ kòkó wá sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rẹ̀. Ní 1901, William Cadbury gbọ́ pé ẹrú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní oko kòkó São Tomé, erékùṣù Áfíríkà tí àwọn Potogí ń ṣàkóso nígbà náà, tí ilé iṣẹ́ wọn ń ra kòkó rẹ̀. Wọ́n rán ènìyàn lọ wádìí, wọ́n kọ lẹ́tà sí ìjọba, wọ́n sì ń bá kòkó rírà lọ. Ó di 1909 kí Cadbury, Fry àti Rowntree tó jáwọ́ pátápátá. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé alágàbàgebè ni wọ́n, Cadbury gbé e lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n dá Cadbury láre, ṣùgbọ́n ẹyọ owó tó kéré jù lọ nílẹ̀ England nígbà náà ni wọ́n ní kí wọ́n san fún un. Àwọn ìgbìmọ̀ tó dá ẹjọ́ náà fi iye yẹn sọ tinú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Gold Coast (Ghana òde òní) àti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ra kòkó. Ní 1937, Cadbury wà lára àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó jọ ṣàdéhùn iye tí wọn yóò máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àdéhùn náà kan Nàìjíríà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Gold Coast sì gbọ́, wọ́n kọ̀ láti ta kòkó fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ní 2021, Joseph Rowntree Charitable Trust jẹ́wọ́ ní gbangba pé ọrọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní gbòǹgbò nínú ìfiniṣẹrú, iṣẹ́ àfipáṣe àti ìmúnisìn, àti pé ilé iṣẹ́ Rowntree tó wà ní South Africa ni òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú lára lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Wọ́n tọrọ àforíjì. Mo gbà pé ó pẹ́ jù. Mo tún gbà pé ó ṣe pàtàkì, nítorí alámòójútó owó tí a rán níṣẹ́ lè fara pa mọ́ sẹ́yìn òfin, kó ní iṣẹ́ tí olówó rán òun nìkan ni òun mọ̀. Àwọn wọ̀nyí wo ibi tí owó ti wá.

Kí ni Green Street ń fi owó yẹn ṣe?

50,000 dọ́là lọ́dún ni, fún ọdún mẹ́wàá. Ìtàn Germantown jẹ́ kó wúwo sí i: níbẹ̀ ni ọkùnrin mẹ́rin ti kọ̀wé ní 1688 pé kò tọ́ kí Kristẹni máa ra ènìyàn, síbẹ̀ ó di 1776 kí àwọn Quaker Philadelphia tó ka ẹrú níní léèwọ̀ fún ọmọ ìjọ wọn.

Wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní owó lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ ni ìwé ilé. Ìyá kan ra ilé, ó kú láìṣe ìwé ìhágún. Ọmọ rẹ̀ ń gbé inú ilé, ó ń san owó orí ilé, àmọ́ orúkọ ìyá ló ṣì wà lórí ìwé. Nígbà tí òrùlé bá bàjẹ́, kò lè yá owó báńkì, kò lè gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ ni gbájúẹ̀ lè yí ìwé, kó ta ilé mọ́ ọn lórí. Láti yí orúkọ padà, ó gbọ́dọ̀ san owó kóòtù, owó agbẹjọ́rò àti owó orí lórí ogún, kó sì wá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rí kí wọ́n buwọ́ lùwé. Ilé ni ọrọ̀ kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia ní, irú ìwé tó dojú rú báyìí ló sì ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Owó ìjọ náà ló ń gbé agbẹjọ́rò wá fún wọn. Ẹni tó bá ti bá ẹbí jà lórí ilé bàbá rẹ̀ tó kú láìkọ ìwé á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣé èmi náà lè béèrè?

Bóyá. Àwọn tó tóbi, bí àwọn ti Rowntree àti Barrow Cadbury, ẹgbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fún lówó, fún iṣẹ́ tó bá ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ mu. Wọn kì í san owó ilé tàbí owó ilé ìwé ẹnì kan. Tí ẹgbẹ́ yín ní Peckham tàbí Manchester bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ wọn lórí ìwé àkọsílẹ̀ Charity Commission, kí ẹ ka iṣẹ́ tí wọ́n rán owó náà àti àwọn tí wọ́n fún lọ́dún tó kọjá. Tí iṣẹ́ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò. Tó bá jẹ́ owó kékeré tàbí yàrá tí ẹ ó ti máa ṣèpàdé ni ẹ ń wá, ìpàdé agbègbè tó wà nítòsí yín ni kí ẹ kọ̀wé sí, akọ̀wé wọn ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì fún wọn láyè oṣù mélòó kan, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó lé e lórí kí wọ́n tó fèsì.